Àsíá Tí Àrẹ̀mọ Fà Wálẹ̀

Àrẹ̀mọ tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kì í ṣe òǹrorò, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Àléébù tirẹ̀ ni pé ó gba iṣẹ́ méjì, ó sì ń fi ọ̀kan sá fún èkejì. Òun ni yóò jọba lẹ́yìn bàbá rẹ̀, òun náà sì ni ọ̀gá tó ń mójú tó pápá tí àwọn ọmọ ogun ti ń fi bọ́ǹbù dánra wò. Bí iṣẹ́ bá le ní bárékè, á gbé fóònù sétí, á ní, "Wọ́n ń pè mí láàfin." Bí ààfin bá ní kó wá kí àlejò, á ní, "Wọ́n ń pè mí ní bárékè." Ibi tí wọ́n ti ń pè é gan-an ni inú ọkọ̀ ojú omi ọ̀rẹ́ rẹ̀, níbi tí orin àti ọtí ti ń dúró dè é. Àwọn ọmọ ogun ti sọ ọ́ ní Wọ́n-Ń-Pè-Mí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pe orúkọ náà. Ta ló fẹ́ bá ọmọ ọba fa wàhálà?

Pápá yẹn ní òfin tirẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí àsíá pupa bá ń fẹ́ lórí òpó, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ koríko ibẹ̀. Bí ìdánrawò bá parí, ọ̀gá pápá gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin gbogbo ibẹ̀ já, kó wá bọ́ǹbù yòówù tó bá balẹ̀ láì dún, kí wọ́n sì pa oró rẹ̀. Ìgbà náà ni yóò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àsíá wálẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ọ̀gá pápá ni abẹ gé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n parí ìdánrawò. Sájẹ́ǹtì, àgbàlagbà tó lè bí àrẹ̀mọ lọ́mọ, sún mọ́ ọn.

"Ọ̀gá, ẹyọ kan ò dún o. Ìdí igi yẹn ló balẹ̀ sí."

"Mo gbọ́. Màá wá a fúnra mi."

"Ṣé kí n bá yín wá a ni?"

"Ṣé mo ní kó o bá mi wá a ni? Máa lọ sílé."

Bí sájẹ́ǹtì ti kọ ẹ̀yìn sí i báyìí, fóònù dún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọlọ́kọ̀ ló pè. "Ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra o! Àbí o ò wá mọ́?" Àrẹ̀mọ wo koríko tó ga dé orúnkún, ó wo bàtà rẹ̀ tó ń dán. Ó fa àsíá wálẹ̀, ó sì lọ. Ó ní òun á wá a tí òun bá padà dé. Nígbà tó dé, sájẹ́ǹtì bi í léèrè, àrẹ̀mọ sì purọ́ fún un pé àwọn ti pa oró bọ́ǹbù náà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọba wá sí bárékè láti fi àmì ẹ̀yẹ dá àwọn ọmọ ogun lọ́lá. Àbúrò àrẹ̀mọ obìnrin bá a wá. Àrẹ̀mọ fúnra rẹ̀ ń rìn lẹ́yìn ọba, bí ààfin ti là á sílẹ̀. Ojú ọ̀nà ọlọ́dà tó gba ẹ̀gbẹ́ pápá náà ni wọ́n ṣètò pé wọn yóò gbà, ṣùgbọ́n ọba, tí òun náà ti ṣe ológun rí kó tó gorí ìtẹ́, dúró, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká gba orí koríko. Ìjókòó ti sú mi. Ṣé kò séwu?"

Ọ̀gá àgbà bárékè wo òpó. Àsíá ò sí lókè. "Kò séwu, Kábíyèsí."

Àrẹ̀mọ wo iwájú. Igi yẹn rèé níwájú wọn! Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bó bá sọ̀rọ̀, àṣírí rẹ̀ á tú lójú gbogbo ọmọ ogun. Bí kò bá sọ̀rọ̀, bàbá rẹ̀ lè kú, òun náà tó wà lẹ́yìn lè bá a lọ. Ibi tí ọba bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò nìkan ló ń tẹ̀. Bí koríko bá mì, á rò pé ikú dé. Nínú ẹ̀rù yẹn, irọ́ tó ti mọ́ ọn lára ló tún sáré bá.

"Kábíyèsí, ẹ jẹ́ ká padà." Ó gbé fóònù sókè. "Wọ́n ń pè yín."

Ọba rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń pè mí? Ṣé àwọn tó máa ń pe ìwọ náà ni?"

Gbogbo àwọn ọ̀gá ológun bú sẹ́rìn-ín. Àṣé ọba ti gbọ́ orúkọ Wọ́n-Ń-Pè-Mí! Wọ́n ń bá ìrìn wọn lọ.

Nígbà tí wọ́n dé ìdí igi, àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nawọ́. "Ẹ wo nǹkan tó ń dán yìí! Kí ni?"

Ẹsẹ̀ àrẹ̀mọ ló fèsì: ó yí padà, ó sì bẹ́ lu eré, láì ké sí bàbá, láì ké sí àbúrò. Sájẹ́ǹtì, tó tò pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun nítòsí, rí eré náà, ó rí ọwọ́ ọmọbìnrin náà, gbogbo rẹ̀ sì yé e lójú ẹsẹ̀. Ó fò síwájú.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Ó ti ọmọ náà lu bàbá rẹ̀, àwọn méjèèjì ṣubú sẹ́yìn igi. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló gbá bọ́ǹbù náà. Ó dún gbàmù. Nígbà tí èéfín lọ sílẹ̀, ọba wà láàyè, ọmọbìnrin rẹ̀ wà láàyè, ṣùgbọ́n sájẹ́ǹtì ti pàdánù ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Ọba dìde pẹ̀lú eruku lára.

"Ta ló fa àsíá yẹn wálẹ̀?"

Àrẹ̀mọ wólẹ̀ lójú ọ̀nà ọlọ́dà. "Èmi ni."

"Ṣé o mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?"

"Mo mọ̀, bàbá mi."

"O mọ̀, o sì ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn." Ọba fi ọwọ́ bojú, ó sunkún níwájú àwọn ọmọ ogun rẹ̀.

Ilé ẹjọ́ ológun já ìràwọ̀ èjìká rẹ̀, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n. Ààfin gba ipò àrẹ̀mọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi í fún àbúrò rẹ̀. Nígbà tó jáde lẹ́wọ̀n, wọ́n fún un ní yàrá kan lẹ́yìn ìlú. Ọkọ̀ ojú omi ṣì ń gbéra, orin ṣì ń dún níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ kò rántí nọ́ńbà rẹ̀ mọ́. Á gbé fóònù ka orí tábìlì láàárọ̀, á jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sẹ́ni tó ń pè é.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe iṣẹ́ méjì ló ba ayé ọmọ yìí jẹ́, torí bàbá rẹ̀ ṣe ológun, ó sì tún ṣe ọba. Irọ́ tó fi sáàárín iṣẹ́ méjèèjì ló bà á jẹ́. Bí ẹrù méjì bá pọ̀ jù fún ọ, sọ ọ̀kan kalẹ̀ ní gbangba, kí ẹlòmíràn lè gbé e. Bó o bá sì ti ṣe àṣìṣe, tètè jẹ́wọ́ nígbà tí ìtìjú nìkan ṣì ni owó rẹ̀, torí ẹni tí kò jẹ̀bi rárá lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ san èyí tó kù.