Omi Tí Wọ́n Dà Lé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ Lórí

Físíìsì kò yọ Iyìolúwa lẹ́nu rí. Àṣà Yorùbá ló fẹ́ pa á.

Yunifásítì ti ṣòfin pé akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì tí kò bá yege nínú kòọ̀sì kan lórí àṣà kò ní gboyè, ì báà jẹ́ òun ló kọ́kọ́ wọn ìwúwo afẹ́fẹ́ láyé. Iyìolúwa ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Yunifásítì kan ní Jámánì sì ti gbà á, wọ́n ń retí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́dún yìí. Bí ó bá tún kùnà, àyè náà lọ nìyẹn, ìyá rẹ̀ tó ti ròyìn Jámánì fún gbogbo ìjọ wọn ní Kúdẹtì yóò sì máa wá ibi tí yóò fojú sí.

Ọ̀mọ̀wé Olúdayọ̀ ló ń kọ́ wọn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sanra débi pé àga a máa ké bí ó bá jókòó. Lọ́jọ́ tí ó pín iṣẹ́ fún wọn, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ń ké nínú kòtò lábẹ́ fèrèsé. Ó dìde, ó ti fèrèsé náà fúnra rẹ̀, ó ní ariwo wọn ń dí òun lọ́wọ́. Ooru mú gbogbo kíláàsì.

Ó fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní agbo ilé kan. Wọn yóò lọ bá ìyàwó ilé tó dàgbà jù níbẹ̀, wọn yóò gbọ́ ìtàn ilé lẹ́nu rẹ̀, wọn yóò sì wá kà á síta.

“Òótọ́ ni mo ń fún ní máàkì,” ni Ọ̀mọ̀wé wí. “Ohun tí màmá bá sọ ni kí ẹ kọ. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ nínú rẹ̀. Bí òótọ́ náà tilẹ̀ korò, màá fún un ní máàkì rẹ̀.”

Agbo ilé kan ní Bẹẹrẹ ló kan Iyìolúwa. Ọ̀mọ̀wé júwe ibẹ̀ fún un dáadáa, títí kan àtẹ̀gùn tó ti fọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

“Bi wọ́n léèrè àwọn ọmọ ilé tó kàwé,” ó ní. “Díìnì yín ń bọ̀ wá gbọ́. Ó fẹ́ kí wọ́n fagi lé kòọ̀sì yìí fún ẹ̀yin ọmọ sáyẹ́ǹsì. Jẹ́ kó gbọ́ irú èèyàn tí wọ́n ń bí n'Íbàdàn.”

Ìyá Ifábùnmi, ìyàwó tó dàgbà jù nílé náà, ni Iyìolúwa bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Iyìolúwa dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó yọ fóònù rẹ̀ láti máa tẹ ọ̀rọ̀ sí i.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ gbọ́ nípa àwọn ọmọ ilé yìí tó kàwé.”

“Ìwé kẹ̀? Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìyẹn.” Màmá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dà nù lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Kí lorúkọ rẹ̀ gan-an, mà?”

“Kí n dárúkọ ọmọ ilé? Mo bá a nílé nígbà tí mo wọlé ọkọ. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀ nígbà náà, ni mo bá ń pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Òun náà ni mo ṣì ń pè é.”

Iyìolúwa kọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Màmá ní bàbá ọmọ náà ti sọ fún gbogbo Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba pé dókítà lòun bí. Wọ́n ti ń kí i ní Bàbá Dókítà kí ọmọ tó jáde ìwé mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kan, ọmọ mú ọ̀pọ̀lọ́ kan wá sí àgbàlá láti fi kọ́ iṣẹ́ abẹ. Ó tẹ́ ẹ sórí ọlọ, ó mú bíléèdì. Ọ̀pọ̀lọ́ fò, ó bà lé e láyà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dákú.

“Àwa ìyàwó ilé la sáré gbé e,” ni màmá wí. “A bu omi nínú amù, a dà á lé e lórí. Bó ṣe lajú báyìí, ó lóun ò ṣe dókítà mọ́. Ó lóun gbọ́ ìpè, àṣà lòun máa lọ kọ́. Àṣà kì í sáà fò mọ́ èèyàn láyà.”

“Ṣé ó ṣì wà, mà?”

“Ó wà. Ó ti di èèyàn ńlá, kì í tètè yọjú.”

Fíríìjì ni wọ́n ń lò nílé tí wọ́n ti tọ́ Iyìolúwa. Kò mọ amù, ojú sì tì í láti béèrè. Ó wo ìta, òjò ti ṣú lórí òkè Máàpó. Ó kọ ọ́ pé omi òjò ni wọ́n dà lé e lórí.

Inú rẹ̀ dùn délé. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ẹni tí sáyẹ́ǹsì bá lé ló ń sá lọ kọ́ àṣà. Ẹ̀rí ti wá dé ọwọ́ rẹ̀, yóò sì kà á létí Díìnì.

Lọ́jọ́ ìkàwé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hilda, Díìnì sáyẹ́ǹsì, jókòó níwájú, ó káwọ́ gbera. Iyìolúwa kà á ketekete. Nígbà tó dé ibi tí ọ̀pọ̀lọ́ ti fò, kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Díìnì yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nu omijé.

“Mi ò mọ̀ pé kòọ̀sì yìí dùn tó báyìí,” ó wí. “Ọ̀mọ̀wé, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fagi lé e mọ́. Kí wọ́n máa ka ìtàn yìí lọ́dọọdún.”

Ọ̀mọ̀wé Olúdayọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi áńkáṣífì nu ojú àti ọrùn, nítorí fèrèsé wà ní títì. Iyìolúwa rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti ń ra kóòtù òtútù.

Nígbà tí yàrá ṣófo, ó lọ dúró níwájú tábìlì láti béèrè máàkì rẹ̀.

“Ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún,” ni Ọ̀mọ̀wé Olúdayọ̀ wí láì gbójú sókè, “mo yọ ogún, nítorí omi inú amù ni wọ́n dà lé mi lórí, kì í ṣe omi òjò.”