Sci Tí Gbénró Yàn fún Ìyàwó Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà ní Turin, ní ilẹ̀ Ítálì, lọ́dún 1995 tí kì í jẹ́ kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ tán kó tó dáhùn. Gbénró lorúkọ rẹ̀. Ó ń kó ẹrù fún cooperativa kan, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ alájọṣe, kò sì sí ohun tí kò mọ̀. Bí o bá bi í léèrè ọ̀nà Udine, ìlú tí kò dé rí, yóò júwe rẹ̀ fún ọ dé ẹnu ilẹ̀kùn. Wọ́n sì ti kọ́ ọkùnrin yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí èèyàn máa fi ẹnu jẹ́wọ́ ohun rere tó ń retí. Ẹ̀kọ́ yìí dára, àmọ́ Gbénró a máa gbé e dé ibi tí kò kàn án.

Adédùntán, ìyàwó rẹ̀, ń tọ́jú ọmọ méjì fún signora kan, bí wọ́n ṣe ń pe ìyáàfin níbẹ̀. Lóṣù Kọkànlá, signora pè é jókòó.

"Gbogbo Sátidé la máa ń lọ sórí òkè nígbà yìnyín. Tó o bá lè máa bá àwọn ọmọ yọ̀ lórí yìnyín kí oṣù Kìíní tó dé, màá fọwọ́ sí contratto rẹ. Lọ wá sci tó máa bá gbogbo irú yìnyín mu."

Igi gbọọrọ méjì tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ ni sci. Contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́, ló sì máa mú permesso di soggiorno wá, ìwé ìgbélùú tí tọkọtaya náà ti ń wá fún ọdún mẹ́ta. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Bí Gbénró ṣe gbọ́, ó wọ kóòtù ọjọ́ Ìsinmi. "Ìwọ nìkan kọ́ lo máa lọ. Èmi ni màá rà á. Ṣé ilé ò lólórí ni?"

Ní ṣọ́ọ̀bù, ọlọ́jà kọjú sí Adédùntán. "Signora, ẹ ti yọ̀ rí?"

"Esperta!" Gbénró ti dáhùn. "Molto esperta!" Ó ní ọ̀gá ni ìyàwó òun nídìí rẹ̀.

"Bàbá Victory, mi ò tíì fẹsẹ̀ kan yìnyín yẹn rí," Adédùntán fi Yorùbá sọ fún un.

"Pa ẹnu mọ́. Ìgbàgbọ́ ni mò ń sọ. Ṣé o fẹ́ fẹnu ara rẹ bà á jẹ́ ni?"

Ọlọ́jà tún béèrè iye kílò tó wọ̀n. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Ṣùgbọ́n Gbénró rò ó pé bí òun bá sọ bẹ́ẹ̀, òyìnbó yìí á gbà pé òun ò fún ìyàwó òun lóúnjẹ. "Àádọ́rùn-ún," ó fi àyà sọ ọ́. Ojú ti Adédùntán, ó wolẹ̀. Ọlọ́jà wo obìnrin tó wà nínú kóòtù ńlá náà, kò bá oníbàárà jiyàn.

Ó mú sci kúkúrú kan tó rọ̀ díẹ̀ wá, ó ní kò síbi tí kò lè dé. Gbénró mi orí, ó na ọwọ́ sí èyí tó gùn jù lórí ògiri, tàwọn tó ń sáré ìje. Ọlọ́jà wá mú irin tó máa di bàtà mọ́ sci, ó fún un le. Bí èèyàn bá ṣubú, irin yẹn ló yẹ kó já ẹsẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹni náà bá ṣe wọ̀n tó, tó sì mọ̀ ọ́n ṣe tó, ni wọ́n ṣe ń fún irin náà le tó.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Adédùntán sọ òótọ́ fún signora: kò yọ̀ rí, kílò mẹ́tàlélọ́gọ́ta sì ni. Signora rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì bá a padà sí ṣọ́ọ̀bù. Sci kúkúrú náà ni Adédùntán yàn fúnra rẹ̀. Ó béèrè gbogbo ohun tó rú u lójú, títí kan bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Lẹ́yìn Sátidé mẹ́rin, ó ti ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Inú bí Gbénró gidigidi. "O fẹ́ sọ mí dòpùrọ́ lójú òyìnbó, àbí? Gígùn yẹn ò ní padà. Èmi ni màá lò ó."

Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kìíní, ó gbé e lé èjìká, ó bá wọn lọ sí òkè Bardonecchia. Ó ti ṣèlérí fọ́tò fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin tó yá a ní bàtà yẹ irin náà wò.

"Èyí ti le jù. Ṣé kí n dẹ̀ ẹ́ díẹ̀?"

"Má fọwọ́ kàn án. Esperto ni mí."

Gbénró yọ̀ lóòótọ́. Ó pe Jésù lẹ́ẹ̀mejì, kò pe ẹlẹ́ẹ̀kẹta délẹ̀ tó fi ṣubú. Irin náà ò já a sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán síbi méjì. Victory, ọmọ wọn obìnrin tó bá wọn lọ, yíjú sí ìyá rẹ̀, ó béèrè bóyá bàbá òun kọ́ ló pe ara rẹ̀ lọ́gàá. "Mamma, ma papà non era esperto?" Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Ní ọsibítù, dókítà fẹ́ fún un ní abẹ́rẹ́ oorun. "Kílò mélòó lẹ wọ̀n?"

Gbénró la ẹnu. Ó pa á dé. Ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ìyàwó mi."

"Méjìdínlọ́gọ́rin," ni Adédùntán wí, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀.

Oṣù márùn-ún ni Gbénró fi wà nílé. Cooperativa fi ẹlòmíì sípò rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ṣubú gan-an ni signora fọwọ́ sí contratto, orúkọ ìyàwó ló sì wà lórí permesso nígbà tó jáde. Láràárọ̀ Sátidé, Adédùntán á gbé oúnjẹ sítòsí ọkọ rẹ̀, á kí i, á sì gba òkè lọ. Sci gígùn náà ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Wọ́n ti dá a dùbúlẹ̀ láàárín àga méjì, òun ni wọ́n ń sá ṣòkòtò Gbénró lé, èyí tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nítorí POP funfun tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ tó kán.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò ga. Ẹni tó máa lo nǹkan ni ká jẹ́ kó sọ bó ṣe bá òun mu. Ìgbàgbọ́ dára, ẹ má gbọ́ mi sódì, àmọ́ ọlọ́jà kò béèrè ìgbàgbọ́ lọ́wọ́ wa, òótọ́ ló béèrè. Kò sì sí ìtìjú nínú kéèyàn sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ọkọ, bí wọ́n bá bi ìyàwó yín léèrè ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó dáhùn. Bí ẹ ò bá lè ṣe é nítorí tirẹ̀, ẹ ṣe é nítorí ẹsẹ̀ yín.