Ẹni Tí Yóò Kí Tógò Lórí Àpáta

Kí Ọmọlará tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ló ti ń gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin méjì tó ń jiyàn. Ọ́fíìsì àgíríìkì ní Owena ló rán an wá sí oko kòkó Màmá Ìbílọlá, lẹ́yìn Aládé. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ fi igi àti ọ̀rá funfun kọ́ ilé tó ń sá kòkó sí, pé ọgbọ́n Tógò ni. Ọ̀gá Ọmọlará ní kó lọ wò ó, kó sì fi ẹ̀rọ wọn omi inú kòkó náà.

“Ẹ káàbọ̀, àǹtí,” ni Dominic, ẹni tó kọ́ ilé ọ̀rá náà, wí. “Tógò ò tóbi lórí máàpù, ṣùgbọ́n ọpọlọ kún ibẹ̀. Àwọn kì í jókòó máa bẹ òjò.”

“Ibẹ̀ yẹn kéré débi pé bí èèyàn bá sín ní bọ́dà kan, ará bọ́dà kejì á ní pẹ̀lẹ́.” Fọláyan ló dáhùn láti orí pèpéle sìmẹ́ńtì, níbi tó ti ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó ká. Irun rẹ̀ ti ń funfun.

Ọmọlará rẹ́rìn-ín. Ó fa fọ́ọ̀mù yọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Dominic, ọmọ Tógò.

Màmá Ìbílọlá gbé àpótí fún un kó jókòó. Ó ní ó di ọjọ́ kẹsàn-án tí òjò ti ń rọ̀. Kòkó ọjọ́ kan náà ni wọ́n pín sí méjì. Dominic sá tirẹ̀ sínú ilé ọ̀rá, Fọláyan sá tirẹ̀ sórí pèpéle.

“Ọdún kọkànlélógún rèé tí Fọláyan ti ń sá kòkó fún mi,” ni ìyá náà wí. “Èyí tí ẹ̀rọ yín bá dá láre la ó fi sá gbogbo kòkó ọdún yìí.”

“Ẹ sọ èyí tó kù, Màmá,” ni Dominic wí.

Ìyá náà nawọ́ sí àpáta tó yọrí níwájú ahéré. “Bí ti Dominic bá borí, Fọláyan yóò gun ìyẹn, yóò kí Tógò lẹ́ẹ̀mẹta kí gbogbo oko gbọ́. Bí ti Fọláyan bá borí, Dominic yóò kí Nàìjíríà.”

“Kí o ti máa tún ọ̀nà ọ̀fun rẹ ṣe,” ni Fọláyan sọ fún Dominic. “Nàìjíríà ló bọ́ mi. Òun ló fún mi níyàwó àti ọmọ mẹ́rin. Kí ni ibẹ̀ yẹn ṣe fún ẹnikẹ́ni?”

“Ó ní etíkun tó mọ́ ju ti Èkó lọ.”

“Etíkun? Ọjọ́ méjì lèèyàn fi ń fẹsẹ̀ rìn ín já.”

“Ta ló rìn ín?” ni Ọmọlará bi í.

Fọláyan bojú wolẹ̀. “Wọ́n ní,” ó wí.

Dominic yíjú sí Màmá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Ìdànrè bá a ṣe àwàdà. Ọmọlará tó dàgbà sí Àkúrẹ́ kò gbọ́ ọ tán.

“Ẹ ti pẹ́ níbí o,” ni ó wí.

“Mo ti pẹ́,” ni Dominic dáhùn.

Kò pẹ́ tí ìkuukùu bo Òkè Ìdànrè. Fọláyan sáré gbé tapólì tó fi ń bo kòkó rẹ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Dominic ti di etí kejì mú kó tó yíjú.

“Ilé tèmi kì í mú ẹnikẹ́ni sáré o, bọ̀ọ̀dá.”

“Dákẹ́. Fà á dáadáa.”

Nígbà tí òjò dá, Ọmọlará gbé ẹ̀rọ jáde. Bí iye tó bá hàn bá ti ju mẹ́jọ lọ, kòkó náà yóò bu nínú àpò. Ti Fọláyan jẹ́ mọ́kànlá. Ti Dominic jẹ́ méje.

Fọláyan mú kòkó kan nínú ti Dominic, ó fi ìka fọ́ ọ, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Ó gbẹ,” ó wí jẹ́ẹ́jẹ́.

“Àpáta ń retí yín, bọ̀ọ̀dá!”

“Òjò ti mú un yọ̀.”

“Màá dì yín mú.”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré ńkọ́?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta!”

Àánú ọkùnrin náà ṣe Ọmọlará. “Màmá, ṣé kí wọ́n fi í sílẹ̀? Ṣebí eré ni.”

“Jẹ́ kó gùn ún, ọmọ mi. Látìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ mi, n kò gbọ́ kó fi ẹnu rẹ̀ pe orúkọ ìlú yẹn rí.”

Ọmọlará mi orí. Ó ti mọ irú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n gbéra ga bẹ́ẹ̀.

Fọláyan gun àpáta náà. Dominic fi ọwọ́ ti ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà yọ̀. Tógò àkọ́kọ́ kò ju ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ. Èkejì ròkè díẹ̀. Ẹ̀kẹta dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń já kòkó ní òdìkejì odò. Síbẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀. Ó nàró, ó lẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́ ìhà bí ọmọ iléèwé ní àárọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin kan ní Faransé. Ohùn rẹ̀ há, ṣùgbọ́n kò ṣi ọ̀rọ̀ kankan pè. Dominic ṣí fìlà.

“Ó mọ orin orílẹ̀-èdè yín!” ni Ọmọlará sọ fún un. “Kí ló dé tí ẹ ò bá a kọ ọ́?”

“Èmi kẹ̀, àǹtí?” ni Dominic wí. “Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó wà ní Aládé níbí ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ ọdún méjì péré ni mo lọ ṣe ní Tógò, ìlú bọ̀ọ̀dá Fọláyan.”