Ọwọ́ Tí Alhaja Mọ̀dínátù Kọ̀

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ṣé ẹ ti rí ẹni tó dá ọmọ-ọmọ ara rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ayé rí, nítorí ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ fi gbà á? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

1.

Ìkòtún ni Alhaja Mọ̀dínátù ń gbé. Èèyàn dáadáa ni, kì í fi ìrun ṣeré, ṣùgbọ́n kò fẹ́ rí ọwọ́ òsì sójú. Bí ọmọdé bá fi òsì na nǹkan sí i, á ní kó gbé e padà. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí Hamdalah, ìyàwó Rasaq ọmọ rẹ̀, rí ọmọ bí. Nígbà tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ wá pé, òun fúnra rẹ̀ ló mú un lọ sí ọsibítù kékeré kan ládùúgbò.

Cecilia, ọmọ Èkìtì, ni nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá lẹ́nu iṣẹ́. Alhaja rí i tó ń fi òsì kọ̀wé, tó tún ń fi òsì yẹ ikùn Hamdalah wò. Ó bi í pé ṣé ọwọ́ tó máa fi gbẹ̀bí nìyẹn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Òun ló gbọ́n ju èkejì lọ."

Alhaja ò rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ tí wọ́n bá fi gba ọmọ, òun lọmọ máa fi gba ayé. Kì í ṣe ọmọ Rasaq. Ẹ wá ẹlòmíì."

2.

Ló bá dúró dí ẹnu ilẹ̀kùn. Wọ́n pe nọ́ọ̀sì kejì. Ẹgbẹ́dá ló wà, òjò ò jẹ́ kó rí mọ́tò wọ̀. Rasaq bẹ ìyá rẹ̀ títí, ìyá ní ọmọ àná ni Rasaq, kí ó dákẹ́ jàre. Cecilia dúró lẹ́bàá ògiri, ìbọ̀wọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ń bẹ̀bẹ̀. Àfi ìgbà tí Hamdalah sọ̀rọ̀ láti inú yàrá.

"Màámi, ọmọ yìí ò mọ ọ̀tún, kò mọ òsì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé sí mi."

Alhaja yà lọ́nà. Orí ọmọ ti yọ nígbà tí Cecilia wọlé, okùn ìwọ́ sì ti wé mọ́ ọn lọ́rùn. Ó ki ìka òsì bọ abẹ́ okùn náà, ó rọra yọ ọ́ gba orí ọmọ. Ọmọ jáde, ṣùgbọ́n kò ké.

"Yáà Allah," Alhaja ní, "bí ọmọ yìí bá ké, ọwọ́ òsì yẹn ni màá gbé e lé, lójú gbogbo ẹbí."

Cecilia ń fi aṣọ nu ọmọ lẹ́yìn, ó ń nù ún. Ọmọ ké. Alhaja jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

3.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ Alhaja gbọ́ ẹ̀jẹ́ yìí, ó ní kó má dójú ti àwọn níwájú àwọn àfáà. Alhaja gbà fún un. Wọ́n sọ ọmọ ní Mubarakah, wọ́n ṣàdúà, wọ́n jẹun. Cecilia wá gbé ẹ̀bùn kalẹ̀. Ọ̀tún ló fi gbé e. Ó fi òsì pamọ́ sábẹ́ ìborùn.

Ohun tó gún Alhaja lọ́kàn nìyẹn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra o. Ẹni tó dá ọ̀tún náà ló dá òsì. Díẹ̀ ló kù kí ìyá yìí fi ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tó ti ń tọrọ. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.

Alhaja dìde. Níwájú àwọn àfáà, níwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó fa ọwọ́ òsì Cecilia jáde lábẹ́ ìborùn, ó sì gbé Mubarakah lé e.