Ìjókòó Ẹ̀gbẹ́ Mi

Wọ́n ti sin Láyíwọlá, àfẹ́sọ́nà mi, lánàá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó pè mí. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà, wọ́n sì rò pé mo ti padà délé. Orí òkè ni mo ṣì wà, nínú ọkọ̀ kékeré oníjókòó méjì tó máa ń tọ irin yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Láyíwọlá ló ní kí n máa lọ ṣáájú, pé òun á bá mi níbẹ̀ ká lè jọ gùn ún.

Obìnrin tó ń bójú tó ọkọ̀ rí omijé mi. “Sísí, ẹ má bẹ̀rù. Ọkọ̀ yìí kì í pààyàn.” Ó di ìgbànú mọ́ mi nídìí, ó sì di ti ìjókòó kejì náà. “Ẹ rọra gbádùn o, ẹ̀yin méjèèjì.” Kí n tó lè bi í ní ìbéèrè, ó ti tì wá.

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Níbi tí irin ti yípo àpáta, mo fa ọ̀pá ìjánu, ọkọ̀ dúró. Òórùn kánfọ̀ tí wọ́n ń fi sára òkú gbòde. Ìgbànú ẹ̀gbẹ́ mi ń le, ó ń dẹ̀, bí àyà ẹni tó ń mí.

“Ìbídùn ojo!” Ohùn rẹ̀ ni, pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀. “Fi ìjánu sílẹ̀, jẹ́ ká máa lọ.”

Ọwọ́ tútù kan bo tèmi. Ó wù mí kí n fi ìjánu sílẹ̀.

“Láyí mi,” ni mo wí, “mi ò ní bá ẹ lọ. Ibí ni màá ti sọ̀ kalẹ̀.”