Ìtumọ̀ "Deserve"

Wọ́n ní ọkọ Àǹtí Adéṣọlá ti ń ronú… wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé…

"Ó ní ìyàwó òun deserve jù bẹ́ẹ̀ lọ!" Ìyá Hope, aládùúgbò wa n'Ígàndó, ló ń pariwo.

Màámi béèrè: "Kí ni wọ́n ń pè ní deserve?"

"Pé ó tọ́ sí i ni, jàre! Ìkẹ́ ló kù."

Àǹtí mi, tó sá wálé lóṣù tó kọjá, ti ń di ẹrù padà sílé ọkọ l'Áyọ̀bọ̀.

Èmi àti Ìyá Hope la jọ lọ bẹ ọkọ yẹn. Orí fóònù la bá a. Èmi ni mo ṣáájú wọlé. Ìparí ọ̀rọ̀ ni Ìyá Hope gbọ́.

Mo di àpò náà mú.

"Àǹtí, ẹ má lọ. Ohun tí ọkọ yín sọ gan-an nìyí: 'Apá rẹ̀ nìkan ni mo ṣì ṣẹ́. Ó deserve jù bẹ́ẹ̀ lọ.'"