Káàdì Pupa Ẹnu Kéèjì Mabel

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, ẹ̀yin ará, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ àánú tí gbogbo èèyàn sì ń yìn yín. Ìyìn dùn lóòótọ́. Òun náà ló pa ohun tí Delphine fẹ́ràn jù.

1.
Arábìnrin Delphine Rucker ní ọgbà kan lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Memphis, níbi tó ń kó àwọn ajá pítíbúlù sí. Ẹ mọ ajá náà: orí ńlá, àyà gbàràmù, tí èèyàn á rí lókèèrè táá gba òdìkejì títì. Àwọn tí ìjọba ìlú fẹ́ pa torí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ wọn ni Delphine máa ń lọ gbà sílẹ̀. Á wẹ̀ wọ́n, á tọ́jú egbò wọn, á sì wá ilé tí wọ́n á ti rí ìfẹ́ fún wọn. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ẹni tó dá wa ló dá wọn.

Òfin kan wà lọ́gbà náà: ajá tó bá ní àléébù, wọ́n á kọ àléébù rẹ̀ sórí káàdì pupa, wọ́n á fi í kọ́ ẹnu kéèjì rẹ̀, àgò irin tó ń sùn sí, kí ẹni tó fẹ́ mú un lọ lè kà á. Díkónì Lemuel ló ń kọ káàdì. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá yìí fi pín lẹ́tà kiri ìlú. Ó máa ń sọ pé, “Ajá ìlú yìí mọ ẹran ẹsẹ̀ mi ju dókítà mi lọ.”

2.
Mabel ni Delphine fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Aláwọ̀ eérú ni, etí rẹ̀ kan ya, orí bàtà Delphine ló sì máa ń gbé àgbọ̀n lé sùn. Kò sí èèyàn tí kì í bá ṣeré. Ṣùgbọ́n ebi ti pa á rí, ebi gidi. Bí ajá mìíràn bá ti sún mọ́ abọ́ oúnjẹ rẹ̀, ìjà dé. Ohun tí Díkónì kọ sórí káàdì rẹ̀ nìyẹn: “Má ṣe jẹ́ kó jẹun níbi tí ajá mìíràn wà.”

Lọ́jọ́ ìsinmi, Delphine a máa dìde jẹ́rìí nínú ìjọ: ajá ogójì ti rílé, ajá márùndínláàádọ́ta ti rílé. Nígbà tó di mọ́kàndínláàádọ́ta, pásítọ̀ ní tó bá pé àádọ́ta kí Àjíǹde tó dé, àwọn á pè é síwájú pẹpẹ. Láti ọjọ́ náà, iye ni Delphine ń wò, kò wo ajá mọ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí Àjíǹde dé, Sátidé ni, nígbà tí Màmá Ottilie wọlé láti wá mú ajá kan lọ sílé. Opó ni, ọkọ̀ ọmọ ilé ìwé ló fi gbogbo ayé rẹ̀ wà. Ó gbé ajá kékeré rẹ̀, Peaches, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, sí abíyá. Bí Mabel ṣe lá a lọ́wọ́ báyìí, omi bọ́ lójú màmá.

Díkónì fa Delphine sẹ́yìn. “Káàdì Mabel dà?”

“Bàbá, ẹ fi sílẹ̀ jàre. Tí wọ́n bá ka ìyẹn, wọ́n á sá lọ. Ìfẹ́ ló ń wo ajá sàn.”

“N ò kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ síbẹ̀. Abọ́ oúnjẹ ni mo kọ.”

“Ẹ̀yin tí ajá ti gé ẹsẹ̀ yín jẹ, ìgbà wo lẹ̀rù ajá fẹ́ tán lára yín?”

“Àpá ọ̀hún ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí, ọmọ mi.”

Káàdì ti wà nínú àpò épírọ́ọ̀nù Delphine.

Màmá Ottilie bi í pé, “Arábìnrin, ṣé kò sí nǹkan tó yẹ kí n mọ̀?”

“Kò sí o, Màmá. Áńgẹ́lì ni.”

3.
Màmá Ottilie mú Mabel lọ sílé. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó gbé abọ́ ẹran adìyẹ méjì kalẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Peaches ò ríran dáadáa mọ́. Abọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ló lọ bá. Kí màmá tó pe Jésù lẹ́ẹ̀mejì, Peaches ti kú. Ọwọ́ tí màmá fi fẹ́ là wọ́n ni eyín Mabel wọ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú wá mú Mabel. Wọ́n ní ajá tó bá bu èèyàn jẹ, ọjọ́ mẹ́wàá ló ní kí wọ́n tó pa á. Ẹni tó bá lè jẹ́rìí pé kì í ṣe apani, pé ẹni tó fi í fún màmá ni kò sọ àléébù rẹ̀, kó yáa wá kí Sátidé tó dé.

Díkónì ní, “Mú káàdì yẹn lọ. Sọ pé o mọ̀, o ò sọ.”

Delphine bú sẹ́kún. “Wọ́n á ti ọgbà mi pa! Àjíǹde ti dé tán, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká kọjá ẹ̀. Ìgbà wo nìjọba ṣe nǹkan lásìkò rí? Wọn ò ní ṣe é lọ́jọ́ Sátidé.”

Ìwọ tó ń ka èyí, má tíì bú u. Mélòó nìwọ náà ti sún di ọ̀la?

4.
Lọ́jọ́ Àjíǹde, wọ́n pè é síwájú pẹpẹ. Ìjọ pàtẹ́wọ́ fún ajá àádọ́ta. Díkónì nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Delphine mú káàdì dé ọ́fíìsì ìlú. Òṣìṣẹ́ wo ìwé, ó wọlé, ó sì gbé okùn ọrùn kan jáde.

“Àárọ̀ Sátidé ni, Mà. Ẹ má bínú. Títí tó fi sùn ló ń ju ìrù sí wa.”

Ibẹ̀ ló gbà dé ilé Màmá Ottilie, ó gbé káàdì síwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Màmá fi ọwọ́ tó wà nínú báńdéèjì mú un, ó kà á, ó tún un kà.

“Gbogbo ohun tó wà ńbẹ̀ nìyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Ìdáná mi nílẹ̀kùn, Delphine. Ǹ bá ti ọ̀kan mọ́ inú, kí èkejì jẹun níta. Ọgọ́ta ọmọ tó ń jà ni mò ń kó sínú ọkọ̀ kan láràárọ̀, ajá méjì ni mi ò ní lè yà sọ́tọ̀?” Ó dá káàdì náà padà fún un. “Ǹ bá ṣì mú un lọ.”

Ìlú ti ọgbà náà pa kí oṣù tó parí. Ṣùgbọ́n Delphine ní kì í ṣe ìyẹn ló dun òun. Ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ gbẹ̀yìn yẹn ni.

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra. Bóyá ajá lẹ̀ ń wá ilé fún ni o, bóyá ọmọ lẹ̀ ń wá ọkọ fún, ẹ má yọ káàdì pupa. Olúwa tó ní kí bẹ́ẹ̀ ni wa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kò yọ iṣẹ́ àánú sílẹ̀. Ohun tá a bá fi irọ́ dáàbò bò, àwa náà la ń pa á. Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Màmá Ottilie ti mú owó òótọ́ wá sọ́jà ní tirẹ̀. Delphine ni kò pàtẹ òótọ́.